Èsì sí Mọ́mì oní-CR-V: ọ́ìlì yẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ẹ̀bi wa ni

Ẹ káàárọ̀ Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀ yìí ni mò ń kọ eléyìí, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. Ẹ ní ayédèrú ni ọ́ìlì difarẹ́ńṣà (àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) tí ẹ rà lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé Honda CR-V yín ti 2003 ṣì ń kùn lẹ́yìn, ó tiẹ̀ tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ní fóòwíìlì rẹ̀, ìyẹn kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa ọkọ̀, ò ṣiṣẹ́ rárá, pé ó rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko yín lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, géńdé mẹ́rin ló tì í jáde. Ẹ wá fi kún un pé mẹkáníìkì yín ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn, kúrò, kí ariwo lè tán.

Kí n tó fèsì, mo lọ tú ìwé rìsíìtì. Ẹ̀dà tiwa wà níbẹ̀, ọmọ tó tà á fún yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: gíà ọ́ìlì 80W-90, ọ́ìlì tó ki tí wọ́n ń rọ sí gíà lásán. Ọ̀sẹ̀ Ojúdé Ọba ni, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi ti kó ọkọ̀ wálé, èrò kún ṣọ́ọ̀bù débi pé ẹlòmíràn ń ti ẹ̀yìn ẹlòmíràn nawọ́ owó. Ó gbọ́ "ọ́ìlì difarẹ́ńṣà", ó fa ike yọ, kò bi yín pé ọkọ̀ wo ni. Ojúlówó ni gíà ọ́ìlì yẹn, àìmọye ọkọ̀ ló ń lò ó. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó wọ ẹ̀yìn CR-V. Ẹ̀bi wa nìyẹn, mi ò ní wá àwáwí kankan sí i. Ẹ dákun, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì, torí mo rí i pé àwọn mìíràn ti ń dá sí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ tiyín, àwọn kan sì ti ń ní kí ẹ ra odindi difarẹ́ńṣà tòkunbọ̀. Ẹ má rà á o. Èmi tí mò ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín kì í ṣe eyín irin lásán. Pọ́ǹpù kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀. Pùròpẹ́là tó ti iwájú wá ló ń yí ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn ló ń yí èkejì. Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí dọ́gba, ohun tí ọ̀kan ń tì jáde ni èkejì ń fà mu, ọ́ìlì kàn ń pòòyì láàárín wọn ni. Ọjọ́ tí táyà iwájú bá yọ̀, tó ń yí ju ti ẹ̀yìn lọ, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù iwájú ń tì á pọ̀ ju ohun tí èkejì lè gbé mì. Àjẹkù yẹn ló ń lọ tẹ àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì (irin pẹlẹbẹ tó ń so agbára mọ́ táyà ẹ̀yìn) pọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni agbára tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ ó tẹ̀, kò sí ọ̀pá tí ẹ ó fà, iná kankan ò sì ní tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti sọ fún yín pé ó ti wọlé. Ẹ ní dẹ́rẹ́bà yín wá bọ́tìnnì fóòwíìlì títí, kò rí i. Kò sí níbẹ̀ ni.

Inú ọ́ìlì yẹn kan náà làwọn awo kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Ìdí nìyẹn tí Honda fi ní ọ́ìlì tirẹ̀ fún un, wọ́n kọ Dual Pump Fluid II sára ike rẹ̀. Tó bá ti gbó, tàbí tí wọ́n bá da nǹkan mìíràn sí i, àwọn awo náà kì í yọ̀ lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n á máa dì, tí wọ́n á tún máa tú. Ariwo tí ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ mi nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú nígbà tí ẹ kọ ọ́: "Tó bá jáde láàárọ̀ kì í ké, ìgbà tó bá padà dé, tó fẹ́ yà wọ gẹ́ètì, ló máa ń kùn bíi màlúù." Mọ́mì, ìdajì iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ ti ṣe fún wa yẹn. Bó bá jẹ́ béárìn, irin róbótó tí táyà ń yí lé, ló jẹ, á máa hó ní títì tààrà, bí eré bá ṣe ń le sí i lariwo náà á máa le sí i. Bó bá jẹ́ orí ṣáàfù iwájú, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ni, kọ-kọ-kọ lẹ ó máa gbọ́ tó bá ń yà ní kọ́nà, kì í kùn. Kíkùn níbi kọ́nà tó há, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rìn tó ti gbóná, ọ́ìlì ẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Kí ló wá dé tó fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Gíà ọ́ìlì wa lọ́wọ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Mo fẹ fọ́tò tí ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, èyí tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ka nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú: 195/65R15. Ti ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ bo ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n 205/70R15 ni mo rí, òun náà ló sì yẹ ọkọ̀ yẹn. Ẹ bi fọkanáísà yín bóyá òun ló pààrọ̀ méjì iwájú láìpẹ́ yìí. Lójú, wọ́n jọra, rímù kan náà ló gbà wọ́n. Àmọ́ ẹ gbé wọn dúró síra, ti iwájú kúrú ju ti ẹ̀yìn lọ, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bí ti ẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn 100, ti iwájú á ti yí bíi 105. Pọ́ǹpù ò lójú. Ohun tó mọ̀ ni pé iwájú ń sáré ju ẹ̀yìn lọ, ó gbà pé ọkọ̀ ń yọ̀, ó sì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ lórí títì gbígbẹ láti Igbó títí dé Òde. Kò ní ṣàìké.

Ní ti ẹrẹ̀ yẹn, n kò fẹ́ tan yín. Kódà bí ohun gbogbo bá pé lára rẹ̀, CR-V kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ ó kì bọ àbàtà. Iwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ kí ẹ̀yìn tó dá sí i, kò ní gíà kékeré ti jíìpù oko, bí táyà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan bá sì jọ bọ́ sí ihò, inú ihò níbẹ̀ ni wọ́n á máa yí sí. Títì tó ń yọ̀ lásìkò òjò, gẹ́ẹ́rẹ́ kékeré, yanrìn, ó lè gbà yín níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tó mu ọkọ̀ dé ìdí, ẹ pe àwọn géńdé.

Yíyọ pùròpẹ́là ńkọ́? Òótọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ, ariwo á tán. Ọkọ̀ á sì máa rìn, torí iwájú ló ń fà á. Tòkunbọ̀ tí mo ti rí tí wọ́n ti yọ ọ́ láìsọ fún ẹni tó rà á kò lóǹkà. Onítọ̀hún á máa sọ káàkiri pé fóòwíìlì lòun ń wà. Àmọ́ ọ̀nà oko lẹ̀ ń gbà. Ohun tí ẹ fi ra irú ọkọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ yọ dànù, nítorí ọ́ìlì bíi lítà kan.

Ohun tí a máa ṣe rèé. Kí dẹ́rẹ́bà wà á wá láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, kó gba ìlú Oru wá bó ṣe máa ń gbà á, kí ọ́ìlì lè gbóná dáadáa. Bóòtù òkè la máa kọ́kọ́ tú, èyí tí a ń gbà rọ ọ́ sínú, torí àwọn kan ti fa ti ìsàlẹ̀ yọ rí, gbogbo ọ́ìlì jò tán, òkè wá kọ̀ láti tú, ọkọ̀ di ère. A máa gba ọ́ìlì tó jáde sínú ike tó mọ́ gaara, kí dẹ́rẹ́bà lè rí i, kó sì gbóòórùn rẹ̀. Gíà ọ́ìlì máa ń rùn bí imí-ọjọ́. A ó rọ Dual Pump Fluid sí i títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lójú ihò, a ó fi wáṣà tuntun, òrùka tí kì í jẹ́ kó jò, sí bóòtù, a ó sì dé e. Lẹ́yìn náà, a ó máa wa ọkọ̀ yípo lórí pápá bí ẹni ń kọ 8 sílẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kí ọ́ìlì tuntun lè wọ àárín àwọn awo. Torí gíà ọ́ìlì tó ti wọbẹ̀, a ó tún da ti àkọ́kọ́ yẹn nù, a ó rọ Dual Pump Fluid mìíràn. Ike méjèèjì, wáṣà àti iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Owó gíà ọ́ìlì tí ẹ san, dẹ́rẹ́bà máa mú un délé fún yín.

Táyà kò sí nínú ohun tí mò ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi jẹ́ kí méjì iwájú di 205/70R15 kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́ìlì tuntun náà á jóná láìpẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dá táyà àtijọ́ padà sí i fúngbà díẹ̀, tí kò bá tíì dán jù.

Ọmọ tó ta ọ́ìlì yẹn wà níbí, ó ti ka ohun tí ẹ kọ. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti ń bi gbogbo oníbàárà pé ọkọ̀ wo ni, kódà ẹni tó wá ra omi bátìrì.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, tó ṣì ń kùn níbi gẹ́ètì yín, kí ìràwọ̀ kan yẹn máa wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n tú pùròpẹ́là kí Mọ́ńdè tó dé.