Oògùn ojú tí ẹ ń kán kò sọ yín di aláìnígbàgbọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin wa. Arábìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun ti da oògùn glaucoma òun sínú ṣáláńgá, pé ẹni tó bá ń bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn ojú, tó tún ń kán oògùn sí i, oníyèméjì ni. "Àmín" ń rọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà ti pè mí, ó ń béèrè bóyá kí òun náà da tòun nù. Ó ti sú mi. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: ọ̀rọ̀ yìí ń fọ́ ènìyàn lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí glaucoma ń ṣe. Omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń wọlé, tó sì ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí, omi náà kì í ráyè jáde bó ṣe yẹ, á wá máa ti inú ojú, títì yẹn á sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni, kì í mú ojú pọ́n. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran bọ̀. Àárín ojú ló máa ń fi sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí àrùn yìí ti jẹ ojú rẹ̀ jìnnà ṣì lè ka Bíbélì, ó ṣì lè dá yín mọ̀ bí ẹ bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dán ìwòsàn ojú wò lórí pẹpẹ. Pásítọ̀ á na ìka sókè: "Mélòó nìyí?" "Mẹ́ta!" Ìjọ á hó yèè. Ọ̀gangan àárín ojú ni wọ́n na ìka yẹn sí, ibi tí glaucoma kì í tètè dé. Ẹni náà ìbá ti rí ìka mẹ́ta yẹn lánàá, ìbá ti rí i lóṣù tó kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́wọ́ lé e lórí. Kò sí ohun tí ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè sọ fún wa nípa àrùn yìí. Ohun tó lè sọ ọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti inú ojú, àti èyí tó ń tan iná wínníwínní káàkiri ẹ̀gbẹ́ ojú, tí a ó máa tẹ bọ́tìnì bí a bá ti rí i, àti dókítà tó bá fi iná wo ẹ̀yìn ojú fúnra rẹ̀.

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ojú kan yí ká Nàìjíríà. Àwọn tó ju 13,000 lọ ni wọ́n yẹ ojú wọn wò, gbogbo wọn ẹni 40 ọdún sókè. Nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ní glaucoma. Nínú àwọn tó ní in yìí, nǹkan bíi 1 nínú 20 péré ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. 1 nínú 5 ti fọ́jú. Ẹ rò ó wò: àrùn tí ogunlọ́gọ̀ ń gbé kiri láìmọ̀, òun náà ni a fẹ́ kí aláìsàn fi bó ṣe ń ṣe é lára mọ̀ pé ó ti lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Wọ́n ń kán timolol, ọ̀kan lára oògùn glaucoma, dókítà sì ń yẹ̀ wọ́n wò, títí wòlíì kan fi wá ṣe ìsọjí, tó ní kí wọ́n gbé oògùn tì, kí wọ́n máa fi òróró àdúrà pa ojú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ò dùn wọ́n, wọ́n ṣì ń ka Ìwé Mímọ́ ní ìsìn, wọ́n sì jẹ́rìí pé àwọn ti sàn. Nígbà tí ó máa fi hàn síta, wọ́n ti ń forí gbá etí ilẹ̀kùn, wọn ò rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ. Inú òkùnkùn ni bàbá mi ti lo ọdún tó kù fún wọn láyé, wọn ò sì fi àdúrà òwúrọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ wọn kò tó, kó má wá sọ ọ́ níwájú mi.

Èmi náà ní in, nítorí ó máa ń tẹ̀lé ìdílé. Alaalẹ́ ni mò ń kán tèmi lẹ́yìn tí mo bá gbàdúrà tán, ojú mi sì wà níbi tí dókítà ti bá a.

Ohun kan wà tí kò ye àwọn ènìyàn. Oògùn glaucoma kì í dá ìríran tó ti sọnù padà, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ń retí kí ojú mọ́ sí i á rò pé kò ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, mo sì mọ̀ pé ọ̀wọ́n rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ wòlíì dùn létí ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ owó ni, ẹ sọ ọ́ fún dókítà: oríṣi wà tó dínwó ju òmíràn lọ, iṣẹ́ abẹ sì wà.

Ẹ̀rí kejì tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ìyá àgbà tó ju awò ìkàwé nù, tó ń ka Sáàmù lójú lásán. Àwọn dókítà ojú mọ èyí dáadáa. Bí irú cataract kan, ìyẹn àrùn tó ń mú awò inú ẹyinjú ṣú, bá ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín awò náà, ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí ohun ìtòsí láìlo awò fún ìgbà díẹ̀, ohun òkèèrè á sì máa ṣú. Tó bá yá, ìtòsí náà á ṣú. Àmì àrùn ni wọ́n ń hó lé lórí. Cataract yìí ló fọ́ ojú jù lọ nínú ìwádìí yẹn, nǹkan bíi 43 nínú 100 àwọn tó fọ́jú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n lè yọ awò tó ṣú kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i.

Wọ́n á ní Mósè pé 120 ọdún, ojú rẹ̀ kò ṣú. Ísáákì ńkọ́? Jákọ́bù ńkọ́? Élì ńkọ́? Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 14. Áhíjà jẹ́ wòlíì, ogbó sì ti fọ́ ojú rẹ̀. Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà fún un, ó sọ ohun tí yóò wí, ó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò pe Áhíjà ní aláìnígbàgbọ́?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn ìsọjí Babalọlá ní Iléṣà, kíníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì ń lò sí ibà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti àwọn aṣáájú ìjọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ló sì dá ilé ìwòsàn ojú sílẹ̀ ní Kano. Wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Mi ò sọ pé kò sí ẹni tí Ọlọ́run wo ojú rẹ̀ sàn rí láìlo oògùn. Bó bá ṣe é, ẹ̀rọ á rí i. Nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn nínú Lúùkù 17, ọ̀dọ̀ àlùfáà ló rán wọn lọ, nítorí àlùfáà ni ẹni tí òfin yàn láti yẹ ẹ̀tẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò kí ẹ tó da ohunkóhun nù. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní glaucoma, ẹ má dúró de ìṣú: ẹ ní kí wọ́n wọn títì omi inú ojú yín, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gun orí pẹpẹ yín láti jẹ́rìí pé òun ti ju oògùn ojú nù, ẹ bi í níwájú ìjọ pé ìgbà wo ni dókítà wọn ojú rẹ̀ kẹ́yìn, àti pé mélòó ni ẹ̀rọ kà fún agbára tí omi fi ń ti inú ojú náà.