Ẹ Jẹ́ Kí Kóòṣì Super Eagles Parí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀!

Ó ti sú wa! Bí Super Eagles bá ti fìdí rẹmi báyìí, kí fèrè ìparí tó dún tán, ariwo "ẹ lé kóòṣì" ti gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá sì borí, wọ́n á ní àwọn ọmọ ló mọ̀ ọ́n gbá, kóòṣì ò ṣe nǹkan kan. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Ẹ bá wa ka ọjọ́ tó ní. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù wọn ní Ìtálì, Tọ́kì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọ bàálù, àwọn mìíràn ò ní dé Uyo títí di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà lọ́jọ́ Ẹtì, eré fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni ti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú nìkan ló kù! Láàárín bíi wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ni kóòṣì fẹ́ sọ ẹni tí yóò dúró ti ta ni bí wọ́n bá gbá kọ́ọ̀nà, bí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn yóò ṣe máa gòkè tẹ̀lé àwọn tó ń gbá àárín, àti ẹni tí yóò máa lé ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ sá wọlé. Kóòṣì tuntun á dé, á ní ẹ̀yìn mẹ́ta lòun fẹ́, kì í ṣe mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Àlàfo á là gbàgà sí àárín, alátakò á gba bọ́ọ̀lù síbẹ̀, á yíjú sí góòlù wa, kò ní sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Westerhof tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà kan lo ọdún 5, 1989 sí 1994, kó tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn AFCON, ní Tùnísíà. Ohun tí wọ́n fi ojú kóòṣì Amodu Shuaibu rí ńkọ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ? Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbá wa dé Ife Àgbáyé, ti 2002 àti ti 2010. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ṣe ipò kẹta ní AFCON lọ́dún ọ̀hún, tí wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí Ife Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀! Lagerbäck tí wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀ lóṣù Kejì 2010, àmì 1 péré nínú 9 ló rí mú ní Ife Àgbáyé náà.

Ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ò mọ́. Iṣẹ́ kóòṣì ni kí ọmọ mọ ibi tó yẹ kó wà. Ohun tó bá ṣe nígbà tó débẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. À ń na Gíríìsì 1 sí 0 ní Ife Àgbáyé 2010 yẹn, bọ́ọ̀lù ti jáde, Sani Kaita gbé ẹsẹ̀ lu ará Gíríìsì kan. Káàdì pupa ní ìṣẹ́jú 33, 2 sí 1 ni wọ́n fi nà wá. Kóòṣì wo ló kọ́ ọ nìyẹn?

Oṣù Kejìlá 2021 ni wọ́n lé kóòṣì wa, Gernot Rohr, AFCON ò tíì ju oṣù kan lọ níwájú. Lóṣù Kẹta 2022, Ghana gba ọ̀mì 1 sí 1 lọ́wọ́ wa ní Abuja, wọ́n lọ sí Ife Àgbáyé ní Qatar, a jókòó sílé. Nígbà tó di ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, 2024, Rohr yìí kan náà kó ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Benin wá, ó fi 2 sí 1 nà wá ní Abidjan.

Ẹ má sọ pé Côte d'Ivoire lé kóòṣì wọn, Gasset, láàárín AFCON, wọ́n sì gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́. Emerse Faé tó gba iṣẹ́ náà, igbákejì Gasset ni! Inú àgọ́ kan náà ló wà, ó ti mọ ẹsẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́rú kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fún un.