Èsì wa sí oníbàárà tó ní rọ́tà tí a tà fún òun ń já lálaalẹ́

Alàgbà, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ojú yín rí, tí ẹ kò kàn fi ìràwọ̀ kan sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ kọ ọ́ pé rọ́tà onísíìmù, ẹ̀rọ tí a ń ki síìmù bọ̀ kó lè máa pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, tí ẹ rà lọ́dọ̀ wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù méjì, pé láti ìgbà tí ṣájà rẹ̀ ti jóná tí ẹ sì ti ra òmíràn ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń já, pàápàá láti nǹkan bí aago méje alẹ́, pé kì í dé yàrá ẹ̀yìn dáadáa, àti pé ayédèrú ni a tà fún yín. Ẹ fi àwòrán rọ́tà náà àti ṣájà rẹ̀ sí i. Àwòrán yẹn ló ràn wá lọ́wọ́ jù.

Lára ṣájà tí ẹ ń lò báyìí, a rí 9V àti 0.6A (V ni fóltì, ìyẹn agbára tó ń ti iná jáde; A ni ìwọ̀n iná tí ṣájà lè pèsè). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dojú rọ́tà dé kí ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀: 12V àti 1A ni wọ́n kọ síbẹ̀. Pé ẹnu ṣájà wọ ihò rọ́tà wẹ́kú kò sọ pé agbára wọn bá ara wọn mu. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé rọ́tà yóò tàn, iná ara rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, nítorí pé bí iṣẹ́ kò bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, iná díẹ̀ ló ń fà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí fóònù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń bèèrè yóò ju èyí tí ṣájà náà lè pèsè lọ. Yóò kú lójijì, yóò tún ara rẹ̀ tàn, yóò sì tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì mú padà. Ẹni tó wà ní yàrá kò ní rí gbogbo èyí. Ohun tí yóò sọ ni pé Wi-Fi ti já.

Ibí yìí ni ẹ̀bi tiwa ti wọ̀ ọ́. A bi ọmọ iṣẹ́ wa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ mú ṣájà tó jóná wá, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kàn ní kò sí nílẹ̀ ni, kí ẹ wò ó níta, láìsọ iye fóltì tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, a sì bẹ̀ yín. Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: ṣájà 12V tó jẹ́ 2A kò ní ṣe rọ́tà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan, nítorí ìwọ̀n tó nílò ló máa fà. Fóltì ni kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. A ti rí ẹni tó ki ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, 19V, bọ rọ́tà rẹ̀. Rọ́tà náà sùn, kò sì jí mọ́.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ fura sí iná NEPA tó máa ń lọ sílẹ̀ lálẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣájà tó bá rọ́tà wá sábà máa ń ní 100-240V lára, ìyẹn ni pé bí gílóòbù bá tilẹ̀ ń ṣe bàìbàì, yóò ṣì máa gbé 12V jáde. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn yàtọ̀, a kò sì fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ ti ṣájà. Orí fìríìjì ni rọ́tà yín wà, fèrèsé onírin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin a máa dá ìgbì Wi-Fi padà, ògiri alámọ̀ tó nípọn, irú èyí tó kún inú àwọn agbo ilé wa, a sì máa fà á mu. Ìgbì méjì ni rọ́tà náà ní, 2.4 GHz àti 5 GHz. Èkejì yára ju àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ògiri a tètè dá a dúró. (Kì í ṣe 5G tí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń polówó nìyẹn o, ojoojúmọ́ ni a ń ṣàlàyé èyí ní ṣọ́ọ̀bù.) Orúkọ kan náà ni a fún méjèèjì nígbà tí a tò ó fún yín, fóònù ló wá ń yan èyí tó wù ú. A ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kí yàrá ẹ̀yìn lè máa lo 2.4 GHz. Ẹ gbé rọ́tà kúrò lórí fìríìjì, ẹ gbé e ga tó èjìká èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e wọnú ilé jù, nítorí pé onísíìmù ni, ó ṣì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ti òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà níta. Bí ẹ sì ti wà láàárín àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, Wi-Fi àwọn aládùúgbò yóò máa dí tiyín lọ́nà lórí 2.4 GHz, a ó fi tiyín sí ọ̀nà (channel, àwọn ipa tí wọ́n pín ìgbì náà sí) 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò rẹ̀ bá kéré jù, torí pé àwọn mẹ́ta yìí kì í wọ ara wọn.

Bó bá tún já lálẹ́ òní, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo iná ara rọ́tà. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú tó sì tún tàn, ọ̀rọ̀ ṣájà ni. Bí ó bá jẹ́ iná nẹ́tíwọ̀kì nìkan ló kú tàbí tó pọ́n, láti òpó ni, níbi tí èrò ti máa ń pọ̀ lálẹ́ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá wọlé. Rọ́tà kankan kò lè wo ìyẹn sàn, síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn ni a lè fi dán an wò. Bí iná gbogbo bá pé, tí fóònù ń ṣiṣẹ́ nítòsí rọ́tà tó sì kọ̀ ní yàrá, ibi tí ẹ gbé e sí ni.

Ní ti ayédèrú tí ẹ pè é, ẹ jẹ́ kí ìràwọ̀ kan yẹn wà níbẹ̀ títí a ó fi dán an wò lójú yín. Ẹ gbé rọ́tà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákié, a ó fi ṣájà 12V sí i, a ó so fóònù mẹ́fà mọ́ ọn fún wákàtí kan. Bí ó bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, nítorí oṣù mẹ́fà tí a ṣèlérí kò tíì pé. Bí kò bá kú, ṣájà tuntun náà di tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, torí ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ṣájà 9V yẹn dání.