Sípíkà alùpùpù: ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn?

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Honda Gold Wing tòkunbọ̀ ni mo ń gùn, láti Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà mìíràn títí dé Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n omi ti ba bébà inú sípíkà rẹ̀ jẹ́, ó ti ya. Mo fẹ́ fi tuntun rọ́pò. Ẹnìkan ní kí n kó ńlá méjì sínú àpótí ẹ̀yìn, kí n fi ti iwájú sílẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i? Wáàtì mélòó ni kí n wá lọ́jà?

Alálùpùpù Ìṣọ̀kun: Ẹ̀yìn ni, àbúrò. Ibẹ̀ ló láàyè, ibẹ̀ ni béèsì ti ń jáde. Wá èyí tí wọ́n kọ 600 wáàtì sí lára, kí wọ́n ti gbọ́ ọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà kí o tó débẹ̀.

Riwáyà Lágéré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó ń gun alùpùpù ni orin wà fún, kì í ṣe èrò ọjà. Sípíkà àpótí ẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n gbé sẹ́yìn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn akoto lásán ni ohùn rẹ̀ ń bá ní ti awakọ̀. Ní gbangba, bí ẹ bá sún sípíkà jìnnà sí etí ní ìlọ́po méjì, ohùn á fi 6 dB (decibel, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ké tó) rẹlẹ̀. Ti iwájú ló súnmọ́ wa. Kí a sì gbé ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ kó dojú kọ etí, kó má dojú kọ táǹkì epo.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí béèsì. Nínú mọ́tò, gíláàsì àti òrùlé ló ń há a mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Alùpùpù ò ní òrùlé. Ariwo atẹ́gùn àti ti ẹ́ńjìnnì sì rèé, ohùn ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, béèsì ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Ohun tó máa dé etí yín ní 100 km/h ni ohùn olórin, gìtá àti gángan. Nítorí náà, èmi máa ń fi filter dá gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz, ìyẹn béèsì tó jinlẹ̀ jù, dúró kó má dé sípíkà kékeré rárá. Bí a bá fún un ní béèsì tí agbára rẹ̀ ò ká, yíya ló kù.

600 wáàtì yẹn, ẹ má tẹ̀lé e. RMS ni kí ẹ kà, ìyẹn iye tó lè gbé fún ìgbà pípẹ́. Ẹ ka sensitivity náà, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń ké tó lórí iye iná kan náà: sípíkà 93 dB yóò fi 50 wáàtì ké tó bí ti 90 dB ṣe ń fi 100 wáàtì ké. Ìdajì iná ni ẹ fi pamọ́ fún bátìrì yẹn.

Alálùpùpù Ìṣọ̀kun: O gbọ́ iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n o fo ọ̀rọ̀ kan. Sípíkà iwájú kò ní ilé. Ohùn tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ń yí wá pàdé ti iwájú, wọ́n á pa ara wọn. Àpótí ẹ̀yìn dé pa, ilé gidi ni.

Riwáyà Lágéré: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ike ṣe ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Arìnnàkore: Gbogbo wàhálà yìí! Sípíkà pẹlẹbẹ inú akoto wà, Bluetooth ni. Kò gba amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára), kò gba wáyà.

Ọmọ Ọbòkun: Ìyàwó mi ń jókòó sẹ́yìn, a fẹ́ jọ máa gbọ́ ọ ni. Mo sì fẹ́ máa gbọ́ fèrè trélà lọ́nà Àkúrẹ́.

Alálùpùpù Ìṣọ̀kun: Ìyàwó wà lẹ́yìn! Ẹ ti rí i báyìí.

Nọ́ọ̀sì Mọdákẹ́kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí etí. 85 dB, wákàtí 8 ni ìlànà NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fàyè gbà lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 dB lé, àkókò á dín sí ìdajì. Tó bá dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Atẹ́gùn etí akoto nìkan lè kọjá 90 dB lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ tún fẹ́ fi orin borí rẹ̀. Etí tó bá ti kú báyìí kì í jí. Ẹ fi earplug, ìdí etí, sí i lábẹ́ akoto. Atẹ́gùn àti orin ni yóò jọ dínkù, ẹ ó ṣì gbọ́ orin yín ketekete.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ ṣé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Màá ra á. Riwáyà, kí ni kí n rà wá fún yín?

Riwáyà Lágéré: Ẹ kọ́kọ́ wọn ihò iwájú, fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀. Ẹ wo ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) tó wà lára rédíò. Bí 4 bá ni, ẹ má ra 2, yóò gbóná ni. Ẹ má ra oníbébà, ike ni kí ẹ rà nítorí òjò. Ti ẹ̀yìn, kékeré méjì fún ìyàwó yín, a ó fi ohùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ti iwájú.

Alálùpùpù Ìṣọ̀kun: Kékeré kẹ̀! 6x9, oníǹṣì 6 sí 9, ni kó fi sẹ́yìn.

Riwáyà Lágéré: Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n máa kó ẹrù sí? Ọmọ Ọbòkun, ẹ má tíì ra amplifier. Ẹ gbé alùpùpù wá kí n wọn iná tí ń wọ bátìrì. Tí a bá máa fi sí i, fíúsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe nítòsí amplifier. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan dání pẹ̀lú. A ó fi kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan: bí ojú ti ọ̀tún bá yọ síta tí ti òsì wọlé, wọ́n ti gbé wáyà òdìkejì sí ọ̀kan nìyẹn, béèsì díẹ̀ tó kù á sì sọnù.

Ọmọ Ọbòkun: Ọjọ́ Sátidé, lágbára Ọlọ́run, mo ń bọ̀ ní Lágéré.