A kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́: ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé àti ogún l'Abẹ́òkúta

Òwe yìí kì í pẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá wọ àárín ẹbí l'Abẹ́òkúta: a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Ẹ máa ṣàkíyèsí ẹni tó ń pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bùrọ̀dá tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé bàbá wọn n'Ítòkú, tí kò ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, òun ló máa kọ́kọ́ rántí òwe bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá ní òun fẹ́ rí lọ́yà. Àwọn àgbà tó jókòó á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀.

Èmi ò gbà pé torí kí a lè fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Bí kóòtù bá máa ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ó sì máa ń bà á jẹ́ lóòótọ́, á jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rẹ́ ṣì wà ló yẹ ká ti ṣe ohun tí kò ní jẹ́ ká débẹ̀: ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká pe ẹlẹ́rìí sí i, kí kálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ka ìwé kíkọ láàárín ọmọ ìyá sí àìfọkàntánni. Ìyẹn gan-an ló ń sọ wá di oníbàárà lọ́yà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Bí àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń sá dé ni wọ́n ń mú àdúgbò tiwọn, Aké níbí, Kémta lọ́hùn-ún, Ìjẹmọ̀, Ìgbẹ́ìn. Fún ìdí èyí, ìtàn ilẹ̀ inú ìlú yìí kò jìn ju ohun tí èèyàn lè kà lọ. Ìran mélòó kan péré ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣubú. Bí ẹ bá ní ìtàn ìdílé lẹ gbé wá síwájú adájọ́, yóò fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà, bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, àti àwọn tó ti wà lórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí ó fi kàn yín. Bí orúkọ kan bá já láàárín, lọ́yà ẹnìkejì ti rí ibi tó máa dì mú nìyẹn. Ẹ rán ọmọ kan tó mọ ìwé kọ lọ jókòó ti bàbá àgbà tó kù, kí ó kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọgbọ́n inú àwọn bàbá wa kì í dúró de ọjọ́ ìpẹ̀jọ́.

Ọ̀nà márùn-ún ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 pé èèyàn lè fi jẹ́rìí pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́ láìsí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu, àti níní ilẹ̀ tó múlẹ̀ tì í. Ìwé kan ṣoṣo ni C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, jẹ́ nínú gbogbo ìyẹn. Ẹni tó gbà á sórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ tó lágbára jù sí lè pàdánù rẹ̀ ní kóòtù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní kí a gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré dé ọ́fíìsì.

Ilẹ̀ ẹbí ló léwu jù láti rà. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbààgbà ẹbí níbẹ̀, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú ọjà náà ká, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí ńkọ́? Òfo ni látìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ rà. Bí wọ́n bá mú yín lọ wo ilẹ̀ l'Ọ́báńtokò, tí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ń sọ pé bàbá ti dàgbà, wọn ò lè jáde, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ bàbá ní yàrá wọn.

Ẹ wo rìsíìtì àtijọ́ kan dáadáa, irú èyí tí màmá máa ń dì sínú ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bébà tí wọ́n já nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé ni. Sìtáǹbù wà lórí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i kọjá sìtáǹbù náà. Àtàǹpàkò mẹ́ta tẹ̀lé e, tàdáwà wọn ti ń ṣí. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìrókò títí dé ọ̀nà odò. Wọ́n ti gé ìrókò náà. Kò sì sí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò kankan. Ilé ẹjọ́ kì í da irú ìwé yìí nù. Owó tí ẹ san níwájú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ọjà ni lábẹ́ àṣà wa. Ṣùgbọ́n ta ló ni àtàǹpàkò? Ibo ni ìrókò wà? Orúkọ, àdírẹ́sì àti ipò kálukú nínú ẹbí ni kí ẹ kọ ti ọwọ́ tó bá tẹ̀, kí sọ́fíyọ̀ sì wọn ilẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Sọ́fíyọ̀ náà ló máa bá yín wò ó ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Láti 1976 tí ìlú wa ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ìjọba ti gba ilẹ̀ kiri, ẹbí mìíràn sì ṣì ń tà á.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó rí àjèjì tó ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, tó ń kọjá, tó ń kí i ẹ kú iṣẹ́, títí tó fi kan òrùlé, adájọ́ lè sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Òfin náà sì ní gbèdéke ọdún tí èèyàn fi lè pe ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, kí lọ́yà fọwọ́ sí i. Ẹ má pe ajagungbalẹ̀; láti 2016 ni Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣòfin tó le fún ẹni tó bá fipá wọ ilẹ̀, bó tiẹ̀ ń pariwo pé ti òun ni.

Ogún wàyí. Bàbá kú láìṣèwé ìhágún, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín ogún òun, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀: ìyálé bí márùn-ún, èkejì bí ẹyọ kan, ìkẹta bí méjì. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni, ọmọ ẹyọ kan náà á dá ìdá kan nínú mẹ́ta gbé. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ọ̀nà mẹ́jọ ni. Àwọn ọmọ ìyálé á ní orí-ò-jorí ló tọ́; ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole gbé ìjà yìí dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ní London (Privy Council), níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, ní 1962 wọ́n sì gbà pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó dúró. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ló máa fòpin sí ìjà. Ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin kò yàtọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé obìnrin kì í jogún bàbá l'Ẹ́gbá ń purọ́ ni.

Ìyàwó ló ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lábẹ́ àṣà, opó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa gbé inú ilé náà. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin, ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ rẹ̀, òfin fún un ní ìpín tirẹ̀. Ní ti Mùsùlùmí, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni Kùránì yà sọ́tọ̀ fún àwọn opó bí ọkọ bá ní ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ibi tí ìwé ìgbéyàwó yín wà.

Ẹni tí èyí bá bà lẹ́rù, kí ó ṣe ìwé ìhágún. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sí i, kí ẹni tó máa jẹ nínú rẹ̀ má sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló lè há. Kò lè há ilẹ̀ ẹbí tí wọn kò tíì pín.

Ti àyálégbé kò gùn. Bí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé kúìtì ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù kan ni ti olóṣooṣù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù, lẹ́yìn náà kóòtù. Onílé tó ṣí páànù, tó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ èèyàn níta ti rú òfin, kódà bí àyálégbé jẹ ẹ́ lówó. Kí àyálégbé náà má rò pé òun lè fara pamọ́ sábẹ́ àṣìṣe inú ìwé kúìtì títí ayé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti bínú sí irú ẹ̀ ní 2021.

Èyí tó ń dààmú àwọn ayálégbé jù ni ìgbà tí onílé bá kú, tí ọmọ méjì wá ń gba owó ilé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àǹtí wá láàárọ̀, bùrọ̀dá wá nírọ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé ẹ má fún ẹnìkejì. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ àbójútó ogún tí ilé ẹjọ́ gíga ń fúnni wá. Bí kò bá tíì sí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé owó wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí lẹ máa san án fún. Ẹ fi í sí báńkì títí dìgbà náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà yín.