Omi ni ká kọ́kọ́ lé, ká fi ibi tó jìn sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọmọ Òròkí, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ kí òjò tó wọlé tán. Tí yìnyín bá já lu mọ́tò tàbí káráfáànù ẹnikẹ́ni nílùú yìí, ibi tó jìn lára ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Wọ́n á káwọ́ lérí, wọ́n á ní, "Háà, ó ti ba ara ẹ̀ jẹ́!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, páńẹ́bítà ti dé, ẹni tó ń kun ọ̀dà ti ń dá iye lé e. Èrò tèmi ni pé à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Tó bá jẹ́ mọ́tò lásán ni, ó ṣì lè má burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ káráfáànù, ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fà, omi ni ká kọ́kọ́ lé. Ibi tó jìn lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Omi ò ní dúró.

Káráfáànù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láàárín wa. Àwọn òyìnbó ń fi tiwọn rìnrìn àjò, wọ́n ń sùn sínú ẹ̀, wọ́n ń dáná nínú ẹ̀. Àwa ń fi tiwa ṣòwò. Oúnjẹ lèmi ń tà nínú tèmi. A máa ń fà á lọ òde ìnáwó ní Ẹdẹ, ní Ìlobùú, ní Ìkìrun, tó bá sì di oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun dé, a ó fà á sún mọ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun nítorí àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Yìnyín ò ṣàjèjì sí wa. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ ló máa ń já jù. Ilẹ̀ á ti gbóná látàárọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi á máa ru lọ sókè, títí á fi dé ibi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín. Afẹ́fẹ́ inú ìkùukùu á máa gbé yìnyín náà sókè, omi mìíràn á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára, á máa tóbi sí i, àfìgbà tó bá wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Ìgbà yẹn la ó gbọ́ gbàgàgbàgà lórí páànù. Tiwa kì í sábàá ju hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà lọ. Ní Amẹ́ríkà, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Vivian ní ìpínlẹ̀ South Dakota, ọ̀kan já lọ́jọ́ 23 oṣù keje ọdún 2010 tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Irú ìyẹn á la òrùlé já ni. Ohun tó jẹ́ kí àwọn kan máa sọ pé tiwa kéré, pé kò lè ṣe káráfáànù ní nǹkan kan, nìyẹn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín ṣe tóbi tó kọ́ nìkan ló ń ba nǹkan jẹ́, bí ohun tó já lé ṣe gbó tó náà wà ńbẹ̀. Oòrùn ti jẹ àwọn ike orí òrùlé wa kí yìnyín tó dé rárá.

Ẹ gun àkàbà lọ wò ó. Ọmọrí ike kan wà lórí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, òmíràn wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òmíràn bo ẹ̀rọ amúlétutù. Oòrùn á ti sọ wọ́n di funfun, wọn ò rọ̀ mọ́, ẹ tẹ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n á ṣẹ́. Níbi tí páànù méjì ti pàdé àti níbi tí wọ́n ti de súkúrù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí i, gọ́ọ̀mù náà sì máa ń gbẹ, á sán. Ibi tí yìnyín ti ń ṣe wá ní jàǹbá gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn yìnyín tó já kẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mú tọ́ọ̀ṣì wọnú káráfáànù, èmi gun òkè. Mo tẹ́ pákó kí n má fẹsẹ̀ tẹ òrùlé wọlé, mo wá ń fi kẹ́tù da omi díẹ̀díẹ̀. Orí òrùlé ti jìn káàkiri. Mo da omi sí gbogbo ibẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò bọ́ sínú ilé. Ìgbà tí mo dé ìdí ọmọrí ike kan tó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, mo rí ìlà kan lára ẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun orí. Bí mo ṣe da omi sí i ni àbúrò mi ké nísàlẹ̀ pé, "Àǹtí mi, ó ń kán o!" Mo bi í pé ibo. Ó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìdí iná yẹn jìnnà sí ọmọrí náà tó ìnà apá kan! Omi náà ti gba ẹ̀yìn sílíìnì rìn kó tó ríbi kán. Ẹni tó bá jókòó sínú ilé, ìdí iná ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rù omi fi ń bà mí. Ògiri káráfáànù kì í ṣe bíi ti mọ́tò. Páànù alumíníọ́mù fẹ́lẹ́ tàbí fáíbà ló wà níta, púláíwúùdù wà lẹ́yìn ẹ̀, igi kéékèèké ló gbé e dúró, fóòmù wà láàárín. Wọ́n lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni. Tí omi bá wọ àárín wọn, kò ríbi jáde, oòrùn ò sì rí i gbẹ. Púláíwúùdù á máa ṣí ní ìpele ìpele, igi á máa jẹrà, fáíbà ìta á wú. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Òjò lè kásẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ tó gbóòórùn nǹkan tó bu nínú ilé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri lábẹ́ fèrèsé àti ní igun òkè. Tó bá rọ̀, tó ń jìn wọlé, omi ti pẹ́ níbẹ̀. Owó tí ẹ máa ná sí ìyẹn, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ páńẹ́bítà o. Lára mọ́tò, ọlọ́wọ́ tó mọ iṣẹ́ lára wọn lè ti ẹ̀yìn ti ibi tó jìn padà síta, tí ọ̀dà ò ní bó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wo ni wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀ lára káráfáànù, nígbà tó jẹ́ pé igi àti fóòmù ló wà níbẹ̀? Ohun tó kù ni kí wọ́n fi fílà, nǹkan tí wọ́n ń pò tí wọ́n fi ń dí ibi tó jìn, dí i, kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún. Òrùlé yẹn máa ń mì tí mọ́tò bá ń fà á. Ẹ kó sí kòtò díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun, fílà ti sán. Tí wọ́n bá sì fi òòlù sí i, gbígbọ̀n yẹn á tún tú gọ́ọ̀mù ibi tí páànù ti pàdé. Páńẹ́bítà tí mo pè sọ pé kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ tún ojú ẹ̀ ṣe, kó lè wu àwọn oníbàárà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní rárá. Oníbàárà mi ò ní gun òrùlé.

Sílíkọ́ònù tó ń rùn bíi kíkan yẹn náà, èyí tí wọ́n ń tà níbi nǹkan ìkọ́lé, ẹ má fi pa òrùlé. Tó bá ti wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù mìíràn ò ní lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ mọ́, àfi kí ẹ ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Gọ́ọ̀mù dúdú tí àwọn tó ń lẹ gíláàsì iwájú mọ́tò ń lò sàn jù ú lọ níbi tí páànù ti pàdé páànù. Ọmọrí tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kí ẹ tó rí tuntun, ẹ fi tapólì bò ó lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ so ó le kí atẹ́gùn má máa fi ha òrùlé. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ fi kọ́ìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jìn kó lè hàn bó ṣe fẹ̀ tó.

Fọ́tò yẹn wúlò fún ìnṣọ́ránsì, ibẹ̀ sì ni inú ti ń bí mi jù. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé a ní ìnṣọ́ránsì torí pé a ní ìwé tí à ń fi han àwọn VIO lójú pópó. Third party nìyẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni fún mọ́tò aládàáni, ohun tí mọ́tò yín bá sì bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san, kò kan ohun tí yìnyín bà jẹ́ lára tiyín. Comprehensive, èyí tó ń san ti mọ́tò tiyín náà, ló lè kàn án, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì sì ti ní kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye tí nǹkan náà tó. Káráfáànù tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000 ni lọ́dún. Owó ńlá ni fún ẹni tó ń ta ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ náà, ìwé mìíràn wà tí wọ́n ti yọ ìjì àti àkúnya omi kúrò nínú ẹ̀, àfi téèyàn bá san àfikún. Ìwé ọkọ̀ tó ń fà á ò sì fi dandan kan káráfáànù tó wà lẹ́yìn. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta ìwé yìí fún wa fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé, "Mà, yìnyín wà nínú ẹ̀," tàbí, "Mà, yìnyín ò sí nínú ẹ̀." Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí òrùlé ń kán la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà á. Ẹ bi wọ́n, ẹ dárúkọ yìnyín, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀ náà, ẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, tí yìnyín bá lu káráfáànù tí owó àtúnṣe ẹ̀ sún mọ́ iye tó tó, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sanwó fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo. Wọ́n tilẹ̀ máa ń kọ "Hail", ìyẹn yìnyín, sínú ìwé irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tó bá fi máa dé Èkó, ìwé yẹn lè má sí mọ́. Táyà, fíríìjì àti ọ̀dà tó ń dán ni wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé àkàbà àti kẹ́tù omi wá. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò gbà kí ẹ da omi sórí ẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.