Ẹ Wọn Pàǹtí Gosa Kí Ẹ Tó Ṣèlérí

Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2030, Nàìjíríà yóò gé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye tí èéfín tó ń mú ayé gbóná ì bá jẹ́. Ìdá 47 ni bí ìrànlọ́wọ́ bá ti òkè òkun wá. Àwọn aláṣẹ Abuja náà ti wá ń sọ̀rọ̀ ètò tiwọn. Ọkọ̀ onígáàsì, ọkọ̀ ojú irin, igi gbígbìn: a gbọ́, a sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìbéèrè tí a ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀ la tún ń bi wọ́n: báwo ni èéfín tí ìlú yìí ń tú sáfẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, ta ló sì wọ̀n ọ́n?

Ààtàn Gosa, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí Abuja sí, ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tòmátì jíjẹrà láti ọjà Wuse, ajẹkù oúnjẹ, ewé tí wọ́n gbá ní Maitama, bí kátapílà bá ti tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọnú wọn mọ́, gáàsì tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wò ó, kílò mẹ́tánì kan ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí kílò 28 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Bó bá jẹ́ ogún ọdún, ó tó nǹkan bí 80.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Kí ìwọ̀n ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọkọ̀ gùn ún pẹ̀lú ẹrù nígbà tó bá ń wọlé, kó tún gùn ún lófìfo nígbà tó bá ń jáde; ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni pàǹtí. Kíka iye ọkọ̀ kò tó, nítorí ọkọ̀ ewé gbígbẹ kò lè wúwo tó ọkọ̀ tòmátì jíjẹrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ nínú ìwé akọ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa mú ọkọ̀ díẹ̀, kí wọ́n da ẹrù rẹ̀ sórí tapólì, kí wọ́n ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oúnjẹ, ewé, bébà, ọ̀rá, irin, kí wọ́n sì wọn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀rùn kan, òjò kan, torí pàǹtí tó mumi ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn baban bola, ìyẹn àwọn tó ń ṣa àlòkù lórí ààtàn, mọ iṣẹ́ ṣíṣà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ gbà wọ́n, ẹ sì sanwó tó tọ́ fún wọn.

Jẹnẹrétọ̀ ló tẹ̀ lé e. Lítà dísù kan tó bá jó ń tú nǹkan bí kílò 2.7 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Ọ́fíìsì tó bá jó lítà 60 lóòjọ́ ti tú ju kílò 160 sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ìwé tí wọ́n fi ń ra dísù ń bẹ nínú fáìlì. Òfin ìyípadà ojú ọjọ́ ti 2021 sì ti pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló wá ṣòro nínú kí wọ́n gba ìwé wọ̀nyí jọ, kí wọ́n ro wọ́n pọ̀? Ó ti sú wa láti máa bèèrè!

Ti igi kò gbà wá lásìkò: dógóyárò tí wọ́n gbìn nígbà òjò lè gbẹ bí kò bá sẹ́ni tó ń bomi rin ín láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta.

Kí owó ìwọ̀n Gosa wà nínú ìṣúná tó ń bọ̀, kí iye tọ́ọ̀nù tó wọlé sì máa jáde fún aráàlú lóṣooṣù. Títí dìgbà náà, ìdá yòówù tí wọ́n bá kéde pé Abuja ti dín kù, a ò ní pè é ní àṣeyọrí nínú ìwé ìròyìn yìí.